Ọdún Mẹ́wàá Ọkọ Rẹ Lórí Ìwé

Àbúrò mi, kí o tó fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ pé kí ó lọ gba ìwé ọlọ́pàá ní Alagbon, l'Ékòó, ṣe sùúrù díẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ìgbéyàwó ti parí, aṣọ ẹbí ti wọ àpótí, ìwọ ti padà sí Winnipeg níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́, òun ṣì wà ní Ìbàdàn. Tó o bá ti ibi iṣẹ́ dé, oorun ti gbé e lọ. Ó ń ṣe ọ́ bíi pé kí o kó gbogbo ìwé tí wàá fi pè é wá jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí o sì tì í sí ìjọba Kánádà lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ fún ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé "police report nìkan ló le níbẹ̀" ni wàá gbà gbọ́.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò jalè, tí kò lu jìbìtì, ọlọ́pàá á fún un níwèé pé àwọn ò rí ẹ̀sùn kankan lórúkọ rẹ̀, ó parí. Ohun tó máa ń dá ìwé àwọn èèyàn wa dúró ni déètì. Ọkùnrin kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù kan pé 2017 lòun dé Accra, ó kọ 2018 sí òmíràn, òǹtẹ̀ inú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ tún ń sọ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́físà tó ń ka ìwé náà kò mọ ọkọ rẹ rí, kò mọ̀ pé onígbàgbé ni. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ló mọ̀.

Torí náà, ìwé forty leaves kan àti báírò ni kí o kọ́kọ́ rà. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní Schedule A, nọ́ńbà rẹ̀ ni IMM 5669. Ìdí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ó máa béèrè gbogbo ohun tí ọkọ rẹ ti ń ṣe láti ọdún 10 sẹ́yìn, tàbí láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún 18 bí kò bá tíì tó ọdún 10 tó pé ọjọ́ orí yẹn. Oṣù dé oṣù ni wọ́n fẹ́ ẹ, wọn ò fẹ́ àlàfo. Wọ́n á tún béèrè gbogbo àdírẹ́sì tó ti gbé láàárín ìgbà náà.

Wá wo ìgbésí ayé ọmọkùnrin Nàìjíríà kan. Láàárín ìgbà tó ṣe WAEC àti ìgbà tó wọ yunifásítì, ọdún méjì ti kọjá tó fi ń jókòó JAMB, tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta aṣọ ní Gbági. Lójú tiẹ̀, kò ṣe nǹkan kan lásìkò yẹn. Lórí fọ́ọ̀mù, àlàfo ni. Ó wọlé ẹ̀kọ́ tán, ASUU yan iṣẹ́ lódì ní March 2020, ó di December kí wọ́n tó padà; ní February 2022 wọ́n tún lọ, ó di October. Bó bá jẹ́ pé ó ń wa Bolt ní gbogbo oṣù yẹn, kí ó kọ ọ́ pé òun ń wa Bolt. Ọdún àgùnbánirọ̀ náà gbọ́dọ̀ hàn, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n gbé e lọ, nítorí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí wà lára ìwé-ẹ̀rí NYSC fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. (Má kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè iṣẹ́ ológun o. Pé ó wọ bàtà káńpù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sọ ọ́ di sọ́jà.) Bó bá kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, àsìkò tó fi sìn ín náà jẹ́ iṣẹ́, bí wọn ò tilẹ̀ sanwó fún un. Oṣù tó sì jókòó sílé tí kò ríṣẹ́, kó kọ unemployed síbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin wa kì í fẹ́ kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan lè fẹ́ kí o kọ "businessman" sí ọdún kan tí kò ta nǹkan kan, torí kí ojú má tì í lójú òyìnbó. Má gbà fún un. Ọ́físà tó bá bi í léèrè irú òwò tó ṣe, risíìtì dà, ilé ìtajà dà, kí ló fẹ́ wí?

Bí o ṣe máa bi í gan-an ló gba ọgbọ́n. Má ṣe bí DPO. Má sì dúró di aago méjìlá òru Ìbàdàn, nígbà tí ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ń tòògbé, kí o wá sọ pé kí ó sọ oṣù tó kó kúrò ní Mókọ́lá fún ọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ Sátidé la máa ń ṣe é, tí ọkọ mi bá ti jẹun ọ̀sán tán. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe. Á fi fóònù ti ike omi lórí tábìlì iṣẹ́, á wá máa ṣí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ àtijọ́ fún mi lójú kámẹ́rà. Òǹtẹ̀ Aflao kan wà níbẹ̀, ẹnubodè Gánà àti Togo, tí yíǹkì rẹ̀ ti ràn. Ọjọ́ hàn, ọdún hàn, oṣù ló ti rì sábẹ́ òǹtẹ̀ mìíràn tí wọ́n lù lé e lórí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, pàbó. Risíìtì owó ilé ló yọ wá. Lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Kasoa ti gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Gánà, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé láti oṣù báyìí di oṣù báyìí. Ìwé pélébé kan tó ti fẹ́ gé sí méjì níbi tí wọ́n ti ká a, òun la fi tún odidi ọdún méjì kọ.

Nǹkan bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí o máa wá. Risíìtì owó ilé, owó ilé-ìwé, ìwé tí ilé iṣẹ́ fi gbà á, sítétímẹ́ǹtì báǹkì tó fi ìlú tó ti ń gba owó hàn, fọ́tò ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ kan lórí Facebook tó ní déètì lábẹ́. Àwọn òbí ọkọ rẹ náà kò ní gbẹ́yìn, torí wọ́n á béèrè ọjọ́ ìbí bàbá àti ìyá rẹ̀ nínú Schedule A, wọ́n á tún béèrè rẹ̀ nínú IMM 5406 tó jẹ́ fọ́ọ̀mù ẹbí. Bí ìyá ọkọ rẹ bá sọ pé ọdún tí wọ́n la ọ̀nà abúlé wọn ni wọ́n bí àwọn, ẹ rọra jókòó tì wọ́n, kí ẹ fẹnu kò sí déètì kan tó bá ìwé tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ mu, bóyá NIN wọn tàbí káàdì ìdìbò. Déètì yẹn náà ni kó lọ sínú fọ́ọ̀mù méjèèjì.

Ìgbà tí ìwé yìí bá ti kún lo máa tó mọ ìlú tí o nílò ìwé ọlọ́pàá wọn. Ohun tí Kánádà ń fẹ́ kò lọ́jú pọ̀: yàtọ̀ sí Kánádà fúnra rẹ̀, ìlú èyíkéyìí tí ọkọ rẹ ti gbé fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra láàárín ọdún 10 tó kọjá, láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún 18. Ìwé ti ìlú tó ń gbé lọ́wọ́lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ìwé ránṣẹ́. Ti ìlú tó ti kúrò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn tó ti kúrò níbẹ̀. Ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó gba ìwé ọlọ́pàá Dubai nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó wá tún lo ọdún kan sí i kó tó padà sílé, ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò wúlò mọ́, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ohun tí èyí wá túmọ̀ sí fún ọ ni pé ti Nàìjíríà ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sáré lọ Alagbon lọ́jọ́ àkọ́kọ́ torí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ wọn. Ti Accra wá falẹ̀, ti Pretoria falẹ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá fi máa pé, ti Alagbon ti kọjá oṣù 6, wọ́n á tún padà lọ sanwó. Ti òkèèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ lé.

Tí ọjọ́ Alagbon bá wá pé, orí ìkànnì ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọkọ rẹ á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, á sanwó, á sì mú ibi tó ti máa lọ tẹ̀ka. Force CID tó wà ní Alagbon Close, Ìkòyí, lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, ti Abuja náà sì wà. Police Character Certificate lorúkọ ìwé náà, kì í ṣe ripọ́ọ̀tù téṣàn àdúgbò pé fóònù èèyàn sọnù. Ọmọ ìyá ni wọ́n ń pe ìwé méjèèjì láàárín ìgboro, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ìka ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó ń fi sandpaper ṣiṣẹ́, tó ń po sìmẹ́ǹtì, tó ń fọ aṣọ fún oníbàárà, ojú ìka rẹ̀ máa ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e lé ẹ̀rọ, kì í hàn dáadáa. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ọkọ rẹ fi iṣẹ́ tó ń bó ìka sílẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ká a, tàbí kó wọ ìbọ̀wọ́, kó máa fi òrí pa ọwọ́ lálẹ́. Lọ́jọ́ náà fúnra rẹ̀, kó fọ ọwọ́ mọ́, kí òrí má kù lórí ìka. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́, ó ní ṣé ìyàwó ojú ọ̀nà lòun ni tí òun ń para. Ó pa á náà ṣáá.

Àwọn kan máa wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n á fa ọkọ rẹ lápá pé kó má wulẹ̀ tò, àwọn á bá a gbé e jáde kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò tiẹ̀ ní tẹ̀ka. Ìwé tí èèyàn ò tẹ̀ka fún, ta ló wá ń jẹ́rìí fún? Ayédèrú tó bá wọ fáìlì yín, kì í ṣe pé wọ́n á kàn ní kí ẹ mú òmíràn wá. Ọdún 5 gbáko ni òfin Kánádà fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá fún wọn ní ìwé èké tàbí tó fi òótọ́ pa mọ́. Ọdún 5 yẹn, ìwọ nìkan lo máa fi máa kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ọkọ rẹ tó kúrò lẹ́nu káńtà ní Alagbon, kó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀: orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ ìbí. Lẹ́tà kan tó bá ṣì, kó sọ níbẹ̀. Tó bá délé tó tún fẹ́ padà lọ, ẹ̀kún ni.

Gánà ní tiwọn, CID ní Accra ló ń fúnni, ìka náà ni wọ́n ń tẹ̀. Gúúsù Áfíríkà, ọ̀dọ̀ SAPS ni, wọ́n á tẹ̀ka sórí fọ́ọ̀mù tiwọn, ó sì di Pretoria. Bó bá gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tí ACRO ń kọ ni kó gbà, kì í ṣe DBS tí àwọn tó ń tọ́jú arúgbó máa ń ní lọ́wọ́. Bí o bá rí "No Trace" lára ti ACRO, má jẹ́ kí àyà rẹ já, ohun tó dára ni, ó ní wọn ò rí nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìjọba Kánádà kọ bí wọ́n ṣe ń gba ti ìlú kọ̀ọ̀kan sórí ìkànnì wọn, ibẹ̀ ni kó o gbára lé ju ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ lórí WhatsApp lọ, èmi náà wà nínú ẹnikẹ́ni yẹn.

Kútọnu ló ní àrà tiẹ̀, torí àwọn ará wa tí wọ́n ti gbé ibẹ̀ pọ̀, tí wọ́n ń ta mọ́tò, tí wọ́n ń lọ ilé-ìwé. Níbẹ̀, casier judiciaire ni wọ́n ń béèrè, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ètò ìdájọ́ ló sì ti ń wá, kì í ṣe lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá lọ jókòó sí téṣàn ní Kútọnu láti òwúrọ̀, ó kàn ń sinmi ni. Èdè Faransé ni wọ́n á fi kọ ọ́. Níbí yìí lo ti máa jèrè pé Kánádà lo wà: èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni èdè ìjọba wọn, ẹ kò nílò atúmọ̀ kankan. Ìwé tó bá jẹ́ Lárúbáwá, Potogí tàbí Yorùbá ló nílò atúmọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tó máa búra sí i, onítọ̀hún kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí yín. Àbúrò ọkọ rẹ tó jáde ilé kéwú kò lè bá yín ṣe é.

Ṣọ́ orúkọ níbẹ̀ náà. Àwọn ará Kútọnu máa ń kọ Àjíbádé ní Adjibadé, tí wọ́n bá sì fi tiwọn kọ Olúwaṣeun, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ọkọ rẹ ni. Ẹ fún wọn ní páásípọ́ọ̀tù, kí wọ́n wò ó kọ. Nínú ìwé tilé náà, orúkọ máa ń dà rú: Báyọ̀ nínú ìwé WAEC, Adébáyọ̀ nínú páásípọ́ọ̀tù, orúkọ ìsàmì tó ti jù nù tí ó ṣì wà nínú ìwé ìbí. Fọ́ọ̀mù ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ mìíràn tó ti jẹ́ rí. Kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Níbi tí orúkọ ti yí padà pátápátá, ìbúra kóòtù àti ìwé ìròyìn tó fi kéde rẹ̀ ni kí ẹ fi tì í.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin kì í fẹ́ béèrè. Schedule A kò béèrè pé ṣé ilé ẹjọ́ ti dá ọkọ rẹ lẹ́bi rí nìkan. Ó tún ń béèrè bóyá wọ́n ti tì í mọ́lé rí. Ìwọ náà mọ Nàìjíríà. Ọkùnrin mélòó ló gbé Èkó tàbí Ìbàdàn ní àsìkò àwọn ọlọ́pàá SARS, kí ìjọba tó tú wọn ká ní October 2020, tí wọn ò gbé rí nítorí pé ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú báàgì, tàbí pé ó dá irun? Wọ́n kó o pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù, ó sùn sí àtìmọ́lé, bàbá rẹ̀ wá gba béèlì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú owó tí kálukú mọ̀ bí wọ́n ṣe ń san án lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé béèlì kò gba owó. Kò sí ẹ̀sùn, kò sí kóòtù, Alagbon náà kò ní rí nǹkan kan lórúkọ rẹ̀. Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Kò sì tíì sọ fún ọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kó dáhùn sí i. Kó kọ àlàyé kúkúrú: ọdún wo ni, ìlú wo, ọ̀sán tàbí òru, kí ni wọ́n ló fà á, ìgbà wo ni wọ́n fi í sílẹ̀, pé wọn ò gbé e lọ sí kóòtù. Ìlà márùn-ún tó. Kó má fi ẹkún kún un, kó má sì fi ìwé sùn ọlọ́pàá nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé láti Nàìjíríà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ irú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹjọ́ wà níbẹ̀ ní tòótọ́, pé wọ́n dá a lẹ́bi, bó tiẹ̀ jẹ́ owó ìtanràn ló san, ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn tèmi ti tán. Gba ìwé ìdájọ́ ní kóòtù, kí o sì wá lọ́yà ìmígíréṣọ̀n tó ní ìwé àṣẹ ní Kánádà kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́.

Béèrè rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ohun tí mo rí láàárín àwa tí a ti ṣe é ni pé obìnrin tó pariwo lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kì í gbọ́ èkejì. Bí ọkọ rẹ bá sọ pé òun sùn sí téṣàn lọ́dún kan, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́, kọ ọ́ sínú forty leaves, kí o bi í pé kí ló tún kù. Tí ìbínú bá wà, ó lè dúró di ọjọ́ mìíràn tí kò sí ìwé nílẹ̀.

Bákan náà ni físà tí wọ́n ti fi dù ú rí. Wọ́n á béèrè bóyá ìlú kankan ti kọ̀ ọ́ ní físà, kì í ṣe Kánádà nìkan. Ìgbà tó gbìyànjú Amẹ́ríkà ní 2016, tí wọ́n fún un ní ìwé pélébé ní ọ́fíìsì wọn ní Walter Carrington Crescent tó sì bínú ya á, ó wà níbẹ̀. Kánádà, Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó, Ọsirélíà àti New Zealand máa ń fi ìka wé ara wọn láàárín ara wọn. Ẹni tó bá kọ "rárá" síbi tí "bẹ́ẹ̀ ni" yẹ kó wà, ìka rẹ̀ á dáhùn fún un. Wọn kì í torí pé Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan kí wọ́n wá kọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ. Pé ó fi pa mọ́ ló lè bà á jẹ́.

Ọmọ wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gbóná. Ọmọ tó bí kó tó mọ̀ ọ́, tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo, tí ẹbí ní kí wọ́n má tíì sọ fún ìyàwó Kánádà. Ọmọ tí kò tíì pé 22, tí kò tíì ṣègbéyàwó, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù, kódà bí kò bá ní tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wá, kó sì lọ sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò tí wọ́n bá ní kó lọ. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, òfin lè tì í síta: bàbá rẹ̀ lè má lè fìwé pè é mọ́ lọ́jọ́ iwájú gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Mo ti rí obìnrin tó ní kí ọkọ yọ orúkọ ọmọ kúrò torí ìrora ọkàn tirẹ̀. Èmi ò dá a lẹ́bi ìrora náà. Ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yín, ìyà yẹn á sì dàgbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé tí ẹ bá wá a títí tí ẹ ò rí, torí ìlú tó ń jagun, tàbí torí pé wọ́n ní àfi kí Kánádà fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn, má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kọ lẹ́tà àlàyé sí àyè yẹn, kí o so ẹ̀rí ìgbìyànjú yín mọ́ ọn: risíìtì owó tí ẹ san, ímeèlì tí wọ́n fi dá yín lóhùn. Gbogbo ìwé ni kí ẹ fi sikáánà tó dára yà, iwájú àti ẹ̀yìn, ní àwọ̀ rẹ̀, kí òǹtẹ̀ pupa má di dúdú. Kí o sì sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ẹni tí kò mọ̀ yín á fi mọ ohun tó jẹ́.

Ní ti ìyá ọkọ tó ń pè lójoojúmọ́ pé "ṣé ìwé ti dé?", fún wọn ní ọjọ́ kan láàárín oṣù tí wàá máa ròyìn fún wọn. Sọ pé "Màámi, lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, mo máa pè yín." Wọ́n á gbà. Ṣùgbọ́n pè wọ́n lọ́jọ́ náà o.

Tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ tán, ẹ má pa á tì. Bí ọkọ rẹ bá kó ilé, bó bá yí iṣẹ́ padà, bó bá gba páásípọ́ọ̀tù tuntun, ẹ jẹ́ kí ìjọba Kánádà mọ̀. Bí ìwé yín bá pẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè ní kó tún ti Alagbon gbà, wọ́n á sì dá ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá, torí náà kó má gé ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òrí sílẹ̀. Àti pé tó o bá lọ kí i ní December, tí ìròyìn ayọ̀ bá tẹ̀lé ọ dé Winnipeg, àṣẹ Ọlọ́run ni, ẹ kú oríire. Fọ́ọ̀mù ẹbí ti yí padà nìyẹn. Kọ̀wé sí wọn.